Sinimá Tí Gbogbo Ilé Lè Wò

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí a sì jẹun tán, àríyànjiyàn a máa bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa lórí irú sinimá Ìlú Ọba tí a óò wò. Ti amí ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́, pàápàá ti James Bond, tí sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, Dr. No, jáde ní ọdún 1962. Èmi kò wí pé kò dára: ìbọn a máa dún, àyà ẹni a sì máa já. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ẹni tí ó da ẹnì kejì. Nítorí náà ni ìyá wa àgbà ṣe máa ń tòògbé.

Ti Mr. Bean, tí Rowan Atkinson bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú àti ara ni ó fi ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà a rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó ń wo Bàbá Sàlá.

Àwọn kan yóò wí pé sinimá amí ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ìyẹn ní ọ̀sán. Ní tèmi, sinimá tí ó dára jù ni èyí tí kò sọ ẹnikẹ́ni di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.