Fìtílà Amọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Fìtílà amọ̀ ni ó mú wa rántí ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí. Àwo amọ̀ kékeré ni, tí epo pupa, àdín tàbí òrí wà nínú rẹ̀, tí òwú tí a lọ́ sì sùn sí ẹnu rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ti rin ìrìn àjò: lọ́wọ́ àwọn Haúsá ni a ti gbà á, inú èdè Lárúbáwá sì ni ó ti wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí òwú iná. Kẹrosíìnì àti fìtílà alágolo ni ó lé e kúrò ní ọjà alẹ́. Iná mànàmáná ni ó lé e kúrò nínú ìyẹ̀wù.

Lónìí ó ti tún padà wọlé. A ń rí i ní ilé ìtura àti ní pálọ̀ àwọn olówó, tí wọ́n dá ihò sí i lára bí ajere, tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀. Inú wa dùn pé amọ̀kòkò ń rí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ irú èyí kò ní láti mọ ohunkóhun nípa epo, ẹ̀rù sì ń bà wá pé eérú ni èyí, kì í ṣe ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Epo gan-an ni ìdí iṣẹ́ náà. Amọ̀ tí a sun ní gbangba a máa fa epo mu. Nítorí náà ni ìyá amọ̀kòkò ṣe ń fi òkúta dídán ra á lára kí ó tó gbẹ tán, kí ojú rẹ̀ lè dì. Ó ń po àpáàdì tí a lọ̀ kúnná mọ́ amọ̀, kí ó má baà sán nínú iná. Ẹnu tí ó fi ìka tẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù, kí epo má baà dà sílẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ga jù, kí òwú má baà jó tán kí epo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbọdọ̀ fẹ̀, nítorí ọmọdé àti ewúrẹ́. (Ẹ̀yin tí a tọ́ dàgbà ní agbo ilé mọ ohun tí à ń wí.)

Ní Òkèlélé ní Ìlọrin, àwọn obìnrin agbo ilé Dàda ṣì ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú iná, ní gbígbóná ni wọ́n ń da omi tí a fi èèpo irúgbá sè sí i lára, tí yóò fi dúdú, tí yóò sì dán. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni fìtílà ń fẹ́.

Ẹ̀yin ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà amọ̀, ẹ ránṣẹ́ pe irú àwọn ìyá wọ̀nyí. Owó olùkọ́ ni kí ẹ san fún wọn, kì í ṣe owó obì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yín tó dá ihò kan sí fìtílà, kí ó kọ́kọ́ mọ èyí tí yóò gba epo láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ láìjò. Kí ẹ̀yin oníbàárà náà sì yé ná amọ̀kòkò bí ẹni ń ná tòmátì, ẹ̀yin tí kì í yọ owó kúrò lórí fìtílà onígíláàsì tí ó ti òkè òkun dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún sísun amọ̀. Ẹ tètè ránṣẹ́ kí òjò tó dé.