Ẹ Má Dúró De Ẹ̀rọ Tuntun Kí Ẹ Tó Tọ́jú Ọkàn Yín



Ọ̀pọ̀ abiyamọ ní Adó-Èkìtì, Ìgèdè àti Arámọkọ ló mọ ẹ̀rọ sìkáànù tí a fi ń wo ọmọ nínú oyún. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti fi irú ìró yìí gbé oògùn dé ọkàn alátọ̀gbẹ. Wọn a fi abẹ́rẹ́ fi oògùn pẹ̀lú ìhó wínníwínní, bí ti ọṣẹ, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ìhó náà bá dé ọkàn, ìró ẹ̀rọ yóò fọ́ ọ, iṣan ibẹ̀ yóò ṣí díẹ̀, oògùn yóò sì wọlé síbi tí a fẹ́ gan-an. Wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ Ṣáínà lára eku tó ní àtọ̀gbẹ, ó sì ṣe ọkàn wọn láǹfààní.

Iṣẹ́ yìí wú mi lórí. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Kò tíì di ìtọ́jú tí alátọ̀gbẹ lè lọ gbà ní ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún títà, ẹ má fún un lówó.

Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó jẹ wá lógún wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1974 ni ìwádìí ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé àtọ̀gbẹ ń sọ ewu àárẹ̀ ọkàn di ìlọ́po 2 fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó tó ìlọ́po 5 fún obìnrin. Síbẹ̀, ara ìyá ni ìyá kọ́kọ́ máa ń gbàgbé. A ra oògùn bàbá, a san owó ilé-ìwé ọmọ. Bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bá wú, tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ti ń gun òkè, a ní iṣẹ́ ló fà á.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ya owó àyẹ̀wò ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá sọ́tọ̀, bí a ti ń ya owó aṣọ ẹbí sọ́tọ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga nígbà oyún, kí ó tún un yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ má pa oògùn tí dókítà kọ tì nítorí pé ara ti yá. A kò ní kí ará Èkìtì má jẹ iyán. Kí òkèlè dínkù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú tàbí mímí bá ṣòro, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ̀rọ náà bá dé lọ́la, ẹni tó tọ́jú ọkàn rẹ̀ lónìí ni yóò bá a láyé.