Òfin oògùn oko: ẹ jẹ́ kó dé abúlé

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi lórí oògùn tí àwa àgbẹ̀ ń fín sóko àti òfin tí ìjọba ṣe lé e lórí.

Mẹ́ta nínú oògùn tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni àjọ NAFDAC ti fòfin dè. Paraquat, oògùn apako tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Gramoxone, ti di èèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Chlorpyrifos, oògùn kòkòrò, tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Atrazine tí àwọn olóko àgbàdo fẹ́ràn, ó kan òun náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025.

Ká sọ òótọ́, òfin náà dára. Ẹnu kan péré nínú paraquat tó láti pa èèyàn, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan. Chlorpyrifos ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àní ti ọmọ inú oyún pàápàá. Atrazine ń wọlẹ̀ lọ bá omi kànga. Àwọn òyìnbó Yúróòpù ti lé paraquat kúrò lóko tiwọn láti ọdún 2007. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ṣì ń ṣe é ní Huddersfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí wọn ò jẹ́ fín sóko bàbá wọn ni wọ́n ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn!

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti dé àpò wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Yúróòpù tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí dichlorvos, irú oògùn tó wà nínú Sniper, tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Àwọn tó fín in sẹ́wà kì í ṣe ìkà, wọn ò fẹ́ kí kòkòrò ba ẹrù wọn jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀, ṣebí ọjà wa ló kù fún un? Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn yìí lọ́jà. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣì ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Níbo wá ni wàhálà wà? Òfin wà ní Abuja, oògùn wà lábúlé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ orúkọ paraquat rárá. Àwọ̀ kẹ́ẹ̀gì àti àwòrán ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ oògùn, nítorí èdè òyìnbó ló kún ara rẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá kan pé paraquat ti di èèwọ̀, á ní òun kì í lò ó, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló pọ̀n sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ ìfínko.

Ẹ tún gbọ́ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Tí o bá fín in lónìí, kó tó di ọ̀tunla koríko ti gbẹ, òjò kì í sì í tètè fọ̀ ọ́ dànù. Glyphosate tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òjò sì lè bà á jẹ́. Ẹni tí àsìkò ìgbìn ti ká mọ́, tí kò lówó alágbàṣe, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Èkíní, kí wọ́n kọ Yorùbá àti àwọn èdè wa yòókù sára kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n sì máa polówó òfin náà lórí rédíò ní àsìkò tí àgbẹ̀ ti toko dé. Èkejì, kí ìjọba ìpínlẹ̀ rán àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ padà sí abúlé, kí wọ́n wá fi ohun tí a ó lò hàn wá, kí wọ́n sì kọ́ wa pé kẹ́ẹ̀gì oògùn kì í ṣe ohun tí a fi ń ra epo pupa. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gba èyí tó kù lọ́wọ́ wa, kí wọ́n sì fi ẹ̀dínwó lé èyí tó dára.

Àgbà ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Èbúté àti ilé ìkẹ́rù àwọn oníṣòwò ńlá ni kí wọ́n ti mú oògùn yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbẹ̀ tó ra lítà kan ṣoṣo ni wọn yóò máa lé kiri, ẹni tó kó o wọ̀lú á sì máa sùn nílé rẹ̀.



Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan, Oǹdó