Ta Ni Ó Ṣépè fún Eku?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbé kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kókó kan ni, tí ń hù nínú ilé-ọmọ. Àwọn àgbà wa ń pè é ní ìju. Àwọn dókítà wa tí ń sọ Faransé ń pè é ní fíbúróòmù. Kì í ṣe oyún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣan ògiri ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ kókó, bí kókó ṣe ń yọ lára igi.

Kókó yìí lè kéré bí ẹ̀wà, ó sì lè tóbi bí ọsàn, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè pọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ní i tí kò mọ̀, nítorí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí nǹkan oṣù wọn ń ya bí omi, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín kù títí òòyì fi ń kọ́ wọn. Ikùn ẹlòmíràn a wú bí ikùn aboyún. Àwọn kan a máa tọ̀ léraléra. Àwọn kan kì í tètè lóyún, tàbí kí oyún wọn máa bàjẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí ni ìyà mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ikùn bá wú tí a kò rí ọmọ, ilé a dàrú. Wọ́n á ní àjẹ́ ni ó so oyún náà mọ́ inú rẹ̀. Wọ́n á ní orogún ni ó ṣe é. Wọ́n á ní ó ti ṣẹ́ oyún rí, pé ẹ̀san ni ó ń jẹ. Owó tí à bá fi lọ rí dókítà yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń ṣèlérí ìtúsílẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹ̀sùn yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà mìíràn, ó ń pa obìnrin lára ju kókó náà lọ. Ẹlẹ́rìí tí a ó pè sí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn. Eku ni.

Ní ọdún 1954, ọ̀mọ̀wé kan ní orílẹ̀-èdè Norway, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Reidar Eker, kọ̀wé nípa ìdílé eku kan. Láti ìran dé ìran ni kókó ń hù nínú kíndìnrín àwọn eku náà. Àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí sin irú-ọmọ wọn, wọ́n sì ń pè wọ́n ní eku Eker títí di òní. Ní àwọn ọdún 1990, Cheryl Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí ohun mìíràn lára àwọn abo wọn. Bí wọ́n bá ti lé ní ọmọ ọdún kan, kókó ń hù nínú ilé-ọmọ wọn, irú èyí tí ń hù nínú obìnrin. Nínú 100 abo, nǹkan bí 65 ni ó ń ní i. Kò sí ẹni tí ó gún wọn lábẹ́rẹ́ kí ó tó hù. Kò sí ẹni tí ó fi májèlé sínú oúnjẹ wọn. Fúnra rẹ̀ ni ó ń hù.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó dáadáa. Inú àgò tí a ń gbá mọ́ ni eku yìí ń gbé. A ń fún un ní oúnjẹ àti omi lásìkò. Kò ní orogún tí ń jowú rẹ̀. Kò bú ìyá ọkọ. Kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Kò ṣẹ́ oyún. Ta ni ó wá ṣépè fún un?

Àwọn olùwádìí wá ìdí rẹ̀, wọ́n sì rí i. Èkíní ni àlébù kékeré kan tí àwọn eku náà jogún lọ́dọ̀ òbí wọn. Èkejì ni omi-ara tí ilé ẹyin abo ń ṣe, èyí tí ń darí ìbímọ. Omi-ara yìí ni ó ń bọ́ kókó náà bí òjò ṣe ń bọ́ koríko. Bí wọ́n bá yọ ilé ẹyin eku náà ní kékeré, kókó kì í sábà hù mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé eku kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Àlébù tí eku Eker jogún kọ́ ni ó wọ́pọ̀ lára obìnrin. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Finland yẹ kókó tí a yọ nínú ilé-ọmọ àwọn obìnrin wò. Nínú 100 kókó, nǹkan bí 70 ni ó ní àyípadà kékeré kan. Inú kókó náà ni àyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà kò bí i mọ́ra. Ọ̀nà eku àti ọ̀nà obìnrin yàtọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé níwájú. Omi-ara kan náà ni ó ń bọ́ kókó méjèèjì. Ìdí nìyí tí kókó obìnrin fi sábà máa ń súnkì nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró ní ọjọ́ ogbó.

Ẹ tún gbọ́ iye àwọn tí ó ní i. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin ìlú Washington ní Amẹ́ríkà. Kí obìnrin tó pé ẹni 50 ọdún, ó lé ní 80 nínú 100 obìnrin adúláwọ̀ tí ó ti ní kókó yìí. Nínú 100 obìnrin aláwọ̀ funfun, wọ́n tó nǹkan bí 70. Bí ó bá jẹ́ pé àjẹ́ ni ó ń ṣe gbogbo wọn, àjẹ́ mélòó ni yóò kún ìlú kan ṣoṣo?

Eku Eker tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Àwọn olùwádìí fún àwọn abo kan ní oògùn tí ń jẹ́ DES, ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a bí wọn. Oògùn náà ń ṣe bí omi-ara abo. Nígbà tí wọ́n dàgbà, àwọn tí ó ní kókó kúrò ní 65, wọ́n lé ní 90 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ni a ti fi oògùn yìí kan náà fún àwọn aboyún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ilẹ̀ Faransé, Distilbène ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1971, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà rí i pé ó fa jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀ fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn lò ó. Faransé dá a dúró fún àwọn aboyún ní ọdún 1977. Bí oògùn tí dókítà kọ bá lè ṣe irú èyí, kí ni a ó sọ nípa èyí tí a rà lójú pópó, tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Kí aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ṣọ́ra.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń wú láìsí oyún, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ kan wà tí ń ya àwòrán inú, tí wọ́n ń pè ní ekogiráfì. Kì í dunni, kò sì ní abẹ nínú. Kì í ṣe gbogbo kókó ni a ń yọ. Èyí tí kò yọni lẹ́nu, a lè máa ṣọ́ ọ. Oògùn wà tí ń dín ẹ̀jẹ̀ kù. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì di dandan, a lè yọ kókó nìkan fún ọ̀pọ̀ obìnrin, kí á fi ilé-ọmọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá aya yín lọ. Ẹ̀yin olórí ẹ̀sìn, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi dá aláìsàn dúró. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ṣàlàyé àìsàn yìí fún obìnrin ní èdè tí ó gbọ́. Ohun tí a lè kọ ní Yorùbá nínú ìwé ìròyìn, a lè sọ ọ́ ní Yorùbá nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti mọ ìwé kà báyìí, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sétí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Obìnrin tí ó ní ìju, aláìsàn ni, kì í ṣe ọ̀daràn. Ìtọ́jú ni ó tọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹ̀sùn kúrò lórí rẹ̀.