Ǹjẹ́ Orúkọ Wa Ń Ro Wá Bí?

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọ̀rà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ifẹ́dáyọ̀: ìfẹ́ ti di ayọ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ìjọba rẹ̀ tún ń pe Ọ̀ṣun ní Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí. Orúkọ ńlá méjì rèé. Ǹjẹ́ wọ́n ń ro wá bí?

Ẹ rántí ọdún 2015. Ìjọba jẹ àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun ní owó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ìdajì péré ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ipò wọn ga ń gbà títí di ọdún 2018. Àwọn ìjọ kan pín oúnjẹ fún òṣìṣẹ́. Olúwa yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ẹ jọ jókòó lórí àga kan náà ní ọjọ́ ìsinmi ńkọ́? Ta ló bi í bóyá iná jó ní ààrò rẹ̀ láná? Àbí owó ìkórè tí kò tíì san nìkan la bi í?

Kì í ṣe pé a kò ní owó oore. Bí ìyá tíṣà yìí bá kú, a ó dá aṣọ, a ó pa màlúù, a ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Nígbà tí ìyá náà ń wá owó oògùn, ọwọ́ wa dí. Oore tí wọn yóò fi gbohùngbohùn kéde ni a fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Ará Samáríà inú Lúùkù orí 10 kò pe èrò wá wòran. Ó di ọgbẹ́, ó san owó ilé èrò, ó bá tirẹ̀ lọ. Jákọ́bù náà, ní orí kejì ìwé rẹ̀, kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi àdúrà nìkan ran ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Pásítọ̀, èmi náà kò ní.” Kóńgò gààrí kan ńkọ́? Omi tí ọmọ yín lè bá arúgbó pọn ńkọ́?

Ìjọba lè fún wa lórúkọ. Kò lè bá wa hùwà rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹnìkan ládùúgbò yín, ẹ ràn án lọ́wọ́, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi alùfáà yín. Ìgbà náà ni ìfẹ́ yóò di ayọ̀ lóòótọ́. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.