Bíbélì Kò Já Bọ́ Láti Ojú Ọ̀run: Ẹ Sọ Fún Ìjọ

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa ní Òkè-Ògùn ń dá, tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn wí sí. Wọ́n ń gbé Bíbélì sókè lórí pẹpẹ bí ẹni pé áńgẹ́lì kan ló sọ ọ́ sílẹ̀ lódindi, tòun ti èèpo dúdú àti etí pupa. Bí ọmọ ìjọ bá béèrè ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kó o jọ àti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, wọn á ní Èṣù ló ń dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. Èmi ò gbà. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó mọ̀nà tó dákẹ́ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yìí ń fà. Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, nínú agboolé kan náà, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iyàn bá bẹ́ sílẹ̀, tí ọmọ ilé kéú bá ní wọ́n ti yí Bíbélì padà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á kàn máa bínú ni, kò ní èsì. Ó dé inú fóònù rẹ̀, ó bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ń búra pé Constantine olú-ọba Róòmù ló kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea lọ́dún 325, tó ní kí wọ́n ṣa èyí tó wu òun nínú àwọn ìwé náà. Irọ́ gbuu ni. Ohun tó kó wọn jọ sí Nicaea ni àríyànjiyàn bóyá Ọmọ dọ́gba pẹ̀lú Baba. Wọn kò ṣètò Bíbélì níbẹ̀. Ta ni ì bá ti sọ èyí fún ọmọ náà kó tó kan irọ́ yẹn? Olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ ni.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Jésù kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Nínú ìwé Májẹ̀mú Tuntun, lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ló ṣáájú, ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìwé Máàkù ló ṣáájú nínú Ìhìn Rere mẹ́rin, ní nǹkan bí ọdún 70. Ìjọ kan ń da ìwé kọ, ó ń fi ránṣẹ́ sí ìkejì. Ibòmíràn gba Ìfihàn, ibòmíràn kọ̀ ọ́. Ó di ọdún 367 kí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, tó ka ìwé 27 sínú lẹ́tà Àjíǹde rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ní wọn lónìí. Lọ́dún 397, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pé jọ sí Carthage, níbi tí à ń pè ní Tùnísíà báyìí, fọwọ́ sí ìwé 27 kan náà.

Áfíríkà ni ìlú méjèèjì wà. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń pe Bíbélì ní ìwé òyìnbó náà gbọ́: lẹ́yìn ìpàdé Carthage, igba ọdún ṣì kọjá kí Augustine tó gúnlẹ̀ sí Kent lọ́dún 597 láti wàásù fún ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Tiwa ńkọ́? Ibí yìí gan-an ni ìdákẹ́jẹ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn Òkè-Ògùn ti di ìtìjú. Òṣogùn, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí. Lọ́dún 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì ta ọmọ yìí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti di Samuel Àjàyí Crowther. Nígbà tó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1850 ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ìwé Róòmù sí èdè Yorùbá jáde. Òun àti Thomas King, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì mélòó kan, ló ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì náà. Ó di ọdún 1884 kí odindi Bíbélì tó parí. Crowther kò gba ìtumọ̀ lójú àlá. Ó tẹ́tí sí ẹnu àwọn àgbà, ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó kọ, ó pa rẹ́, ó tún un kọ. Ohun tí ẹ ń pè ní “Báyìí ni Olúwa wí” lórí pẹpẹ, ẹnu ọmọ Òṣogùn ló gbà dé etí yín.

Ẹ tún béèrè ìdí tí ìwé inú Bíbélì yín fi jẹ́ 66, tí ti àwọn Àgùdà jẹ́ 73, tí ti ìjọ àtijọ́ Ethiopia sì jẹ́ 81. Kì í ṣe pé àwọn tó kù ṣàfikún, ẹ̀yin nìkan lẹ wà lójú ọ̀nà. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló ya àwọn ìwé kan sọ́tọ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 pàápàá ṣì tẹ̀ wọ́n sáàárín májẹ̀mú méjèèjì. Ní nǹkan bí ọdún 1826 ni British and Foreign Bible Society, ẹgbẹ́ tó wá tẹ Bíbélì Yorùbá lẹ́yìn náà, pinnu pé àwọn kò ní náwó lé wọn lórí mọ́. Ìpinnu ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára ohun tó gé Bíbélì tó wà lábẹ́ abíyá yín sí ìwọ̀n tó wà.

Ẹ ṣí Máàkù orí 16. Àwọn ẹsẹ tí ẹ fi ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, èyí tó sọ̀rọ̀ ejò àti májèlé, kò sí nínú Sinaiticus àti Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ méjì ti ọ̀rúndún kẹrin. Ẹsẹ 8 ni Máàkù parí sí nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá máa kọ́ ìjọ láti fi ara rẹ̀ wéwu lórí ẹsẹ yẹn jẹ wọ́n ní gbèsè òtítọ́ yìí.

Mo mọ ohun tí wọn yóò wí: “Ìgbàgbọ́ àwọn aláìlera yóò mì.” Lúùkù kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, ó sọ fún Tìófílù pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ̀wé ṣáájú òun, àti pé òun wádìí kí òun tó kọ tòun. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́wọ́ pé òun wádìí, ẹni tó ń kà á ní ìwádìí di èèwọ̀! Aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀. N ò tíì rí ẹni tó rí ojú ìrán rẹ̀ tó ní kì í ṣe aṣọ iyì mọ́. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lè gbà pé ọwọ́ èèyàn ló fi kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ìmọ̀ yìí jìnnà. Wọ́n ń kọ́ ìtàn bí Bíbélì ṣe dé nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn, bí irú èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi ní sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó jáde níbẹ̀ kà á, wọ́n yege nínú ìdánwò rẹ̀, wọ́n wá fi í sílẹ̀ sẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sí abúlé wa. Àwa ará oko ni wọn kò rò pé ó lè gbé e.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò wọ́n. Kí Onítẹ̀bọmi, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Àpọ́sítélì ní Òkè-Ògùn fi ìtàn Bíbélì sínú ẹ̀kọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lọ́dọọdún, fún àgbà àti èwe. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí Òṣogùn, kí wọ́n rí ilẹ̀ tí ogun ti kó ẹni tó fún wọn ní Bíbélì. Olùṣọ́-àgùntàn tó bá ń bẹ̀rù ìtàn ìwé tó ń fi wàásù, kó kọ́kọ́ yẹ ìgbàgbọ́ tirẹ̀ wò, kó yéé fi tọmọ ìjọ ṣe àwáwí.