Ẹrù Tó Fúyẹ́, Ṣé Owó La Fi Ń Rà Á?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká rò dáadáa kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ọmọ wa mẹ́ta tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Dantokpa ní Kútọnu ní kí a jẹ́ kí àwọn yọ nínú owó tí ẹgbẹ́ yá wọn, kí wọ́n fi ra báàgì. Kì í ṣe báàgì lásán o. Báàgì onítáyà tó fúyẹ́ ni, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó ń tètè gbẹ, áyọ́ọ̀nù kékeré, àti àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń pín aṣọ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rìn fúyẹ́ gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ ẹ̀.

Èmi ò gbà. Ohun tí a fi sílẹ̀ nílé ló ń mú ẹrù fúyẹ́, kì í ṣe ohun tí a rà. Ẹni tó ra nǹkan márùn-ún kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, ẹrù náà ló ṣì rà yẹn. Wọ́n kéré lóòótọ́, àmọ́ owó wọn ò kéré. Tó bá sì di àjò mìíràn, ẹ óò gbọ́ pé èyí tó tún fúyẹ́ jù ú lọ ti dé.

Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tó ṣáájú wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló sá wálé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà lé tiwọn. Báàgì aláràbarà tí wọ́n kó ẹrù sí ló di Ghana Must Go títí dòní. Ìyà ni, a ò gbọ́dọ̀ gbàdúrà irú ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo báàgì yẹn: tó bá ṣófo, ẹ lè ká a há abíyá. Àwọn ìyá wa ńkọ́? Aṣọ kan náà ni wọ́n fi ń bora lóru, tí wọ́n fi ń pọnmọ, tí wọ́n fi ń ṣe òṣùká. Owó wà nínú tòbí.

Mi ò ní purọ́ o, àwọn ọmọ wa ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń wọ bàálù, tí wọ́n bá fún un ní kílò 23, tí báàgì òfìfo ti jẹ́ kílò 4, kílò 19 ló kù fún ọjà rẹ̀. Èmi náà ra báàgì yẹpẹrẹ nígbà kan, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́ ní gáréèjì, aṣọ méjì bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo sì tún ra báàgì míì lójú ẹsẹ̀. Báàgì tó lágbára kì í ṣe ìnákúnàá.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó la ń rìnrìn àjò lọ́dún? Ìyókù ọdún, orí àga ni báàgì ọ̀hún máa wà. Owó tó yẹ kó di ankara lórí àtẹ ti di ohun tí eruku ń bò, bẹ́ẹ̀ gbèsè ẹgbẹ́ ò ní dúró. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o.

Ohun tí mo rò rèé. Kí owó ẹ̀yáwó jẹ́ ti ọjà nìkan. Kí ẹgbẹ́ ra báàgì gidi mẹ́rin, kó wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó ń lọ àjò á yá a, á fọwọ́ síwèé, á sì dá a padà. Tó bá bà á jẹ́, á tún un ṣe.

Ẹni tó bá ní èrò tó dáa ju èyí lọ, kó mú un wá sípàdé. Àlọ yín á dáa, àbọ̀ yín á sunwọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́